Aṣọ Dúdú Níwájú Ẹja Aláràbarà

Òórùn iyọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní pálọ̀ wa ní àdúgbò Nyékonakpoè, kí àlejò tó rí àga jókòó. Kì í ṣe òkun tó wà nítòsí wa ló ń rùn bẹ́ẹ̀ o, àpótí dígí ọkọ mi ni. Inú rẹ̀ ló ti ń sin ẹja òkun láàárín òkúta iyùn: òmíràn dúdú bí aró, òmíràn pọ́n bí ọsàn, ó sán bẹ́líìtì funfun. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè ni ààyò rẹ̀. Bó bá ti fi ìka kan dígí, ẹja náà á sáré wá bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti ọjà dé.

Àgbà kì í dé kó má mú nǹkan lọ. Ẹ̀yìn ọkọ mi kò gba kẹ́ẹ̀gì omi òkun tó fi ń pààrọ̀ omi wọn mọ́, ló bá fi gbogbo ẹja náà ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní àdúgbò Agbalépédogan lọ́rẹ. Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n máa wá kó wọn ló tó rántí pé òun kò ní àwòrán ààyò òun kankan tó mọ́ kedere. Ọwọ́ tirẹ̀ ń gbọ̀n, ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́.

Mo yà á títí. Ìró àti bùbá funfun mi ló ń hàn nínú dígí ṣáá, ẹja wá dà bí ohun tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ikùn mi.

“Ìyá ọmọ mi, ìwọ ni mò ń rí. Ẹja dà?”

Ó ti fèrèsé, ó pa iná pálọ̀, ti inú omi nìkan ló kù. Funfun mi kò lọ. Ló bá wọ yàrá, ó mú aṣọ dúdú tí mo fi ṣọ̀fọ̀ ìyá mi jáde.

“Dà á bora.”

Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ mi: nílé tiwa, obìnrin kì í da irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bora níwájú ọkọ tó wà láàyè. Opó ló ń dà á bora bẹ́ẹ̀.

“Bàbá, èèwọ̀! Ẹ ò tíì kú, ẹ ní kí n máa ṣọ̀fọ̀ yín?”

“Ṣe é nísinsìnyí, kí n lè rí bó ṣe yẹ ọ́,” ló fèsì. “Bó bá wá di òótọ́ lọ́jọ́ kan, má wọ̀ ọ́ mọ́. O ti ṣe tèmi tán nìyẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo da aṣọ náà borí, mo gbé fóònù sún mọ́ dígí pẹ́kípẹ́kí. Ó fi ìka kàn án. Ààyò rẹ̀ sáré wá, ó dúró, ó ń yanu bí ẹni ń kí wa. Mo yà á. Kò sí èmi níbẹ̀ mọ́, àfi ẹja nìkan, tó ń dán bí ìyeyè tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

“Voilà!” Bàbá pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ló papò dà. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé aṣọ dúdú wá bá mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo fi àwòrán náà hàn wọ́n, mo sì sọ ohun tó sọ. Èyí àgbà nínú wọn lejú mọ́ mi, ó tún wo ẹja náà, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀: “Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn lóòótọ́.”

Ìró aláwọ̀ ìyeyè ni mo ró lọ síbi ìsìnkú. Àwọn kan wò mí bákan. Wọn kò mọ̀ pé mo ti ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi nígbà tó ṣì lè bá mi rẹ́rìn-ín sí i.