Ẹ̀rí Tí Bàbá Ṣemílóore Jẹ́

Ọkọ mi kì í mutí, wọn kì í yan àlè. Ẹnu ni wọ́n fi ba ìfọ̀kànbalẹ̀ ara wọn jẹ́, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Adéróunmú lorúkọ wọn, ọmọ Èkìtì, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì. Àgbọ̀wó la ń gbé: jẹnẹrétọ̀ níwájú, sípíkà lẹ́yìn, ariwo ọ̀kadà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìfúnpá wọn ga débi pé èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ń bẹ̀rù àtiwo ohun tí ẹ̀rọ bá kọ.

Ìgbà yẹn ni wọ́n rí odò kékeré kan lọ́nà Mọníyà, igi àfọ̀n ńlá kan ṣíji bò ó. Ní àràárọ̀ ni wọ́n ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀, tí wọ́n á jókòó sórí àpáta, tí wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ omi. Wọn ò ní kàwé, wọn ò ní sọ̀rọ̀, ẹyẹ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, ìfúnpá wálẹ̀. Oorun padà sójú wọn, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣàwàdà bíi ti ìgbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra.

Kí wọ́n dákẹ́ ló kù. Ṣùgbọ́n Onítẹ̀bọmi ni wá, Ọlọ́run kì í ṣe wá lóore ká gbé e mì. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ọkọ mi dìde. Mo fa aṣọ wọn, wọ́n gbọ́wọ́ mi dànù. Wọ́n jẹ́rìí odò, wọ́n tún júwe ọ̀nà fún gbogbo ìjọ! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, èrò ti kún ibẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Kó tó di oṣù kejì, Pásítọ̀ Luke ti gbé sípíkà mẹ́rin lọ síbẹ̀, ó sì ti ní kí wọ́n gé igi àfọ̀n kí àtíbàbà lè ráyè dúró. Ẹ gé ìbòòji, ẹ wá ta tapólì torí oòrùn! Irú ọgbọ́n wo nìyẹn?

Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́. "Pásítọ̀, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ló wò mí sàn o, kì í ṣe omi."

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí èṣù gba ẹ̀rí yín lọ́wọ́ yín."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, òòyì kọ́ ọkọ mi nínú ìsìn. Mo wọn ìfúnpá wọn níbẹ̀: àádọ́wàá! Pásítọ̀ pariwo sínú makirofóònù pé, "Ẹ gbé bàbá lọ sí odò wọn!" Àwọn akọrin ti ń gbérin, àwọn géńdé ti ń bọ̀ wá gbé wọn.

Mo dìde. "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n, ojú ẹ̀ á rí màbo!"

Èmi àti Ṣemílóore ọmọ wa gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ kẹta ni ìfúnpá tó rọlẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n fà mí mọ́ra lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá Ṣemílóore, mo ti rí ibòmíràn tó dákẹ́."

Mo fọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu.

"Ẹ má sọ ọ́ fún mi! Tí ara yín bá yá, èmi náà á fẹ́ dúpẹ́."