Etí Aṣọ Ọwọ́ Ọ̀tún

Chizuru kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ ó fẹ́ràn àbùjá. Látìgbà tí bàbá ẹ̀ ti kú ló ti jókòó pa sílé bàbá náà ní Uda, ní Japan, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá géèmù kékeré kan. Nínú géèmù náà, wọ́n rán ọmọbìnrin kan tó wọ kìmónò, aṣọ ìbílẹ̀ wọn tí wọ́n ń fi etí kan lé èkejì níwájú, pé kó lọ ra tófù, ẹ̀wà tí wọ́n ṣe bíi wàrà, lọ́jà. Bó ṣe ń lọ, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Àwọn àgbà Uda mọ ẹsẹ̀ yẹn, iwin ni wọ́n pè é. Tó bá ti ń tẹ̀lé ẹ, wàá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wàá ní, "Ẹ máa lọ níwájú," á sì kọjá.

Ìgbà Obon, tí àwọn òkú ń wálé, ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Morio dé láti Osaka. Ó ti bá a wáṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan níbẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n ti ilé náà pa. Chizuru bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ gbá géèmù náà wò. Morio ní kò burú: tí ẹ̀rù bá ba òun, òun ò ní sọ̀rọ̀ Osaka mọ́, tí kò bá ba òun, kó lọ di ẹrù ẹ̀.

Ló bá jókòó, ó ń bó ẹ̀wà tútù tí wọ́n sè tèèpotèèpo jẹ, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àbúrò, ebi ló ń pa iwin tìẹ yìí. Fún un ní tófù kó máa lọ."

Nígbà tí ọmọ náà ra tófù tán, tó kọrí sílé, Morio ò jẹ ẹ̀wà mọ́. Ó dá ọmọ náà padà sọ́nà ọjà, ó tún ní kó máa bọ̀ nílé. Ó wá rọra yọwọ́ lára kọ̀ǹpútà.

Chizuru wo ibi tó ń wò: aṣọ ọmọ náà ni. Àwòrán ìgbà tọ́mọ ń lọ nìkan ni Chizuru yà. Ti ìgbà tó ń bọ̀, ṣe ló ní kí kọ̀ǹpútà yí i padà bíi ti inú dígí. Dígí ti yí aṣọ mọ́ ọn lára. Tí alààyè bá wọ kìmónò, etí òsì ló ń wà lókè. Ti ọmọ yìí, etí ọ̀tún ló gorí tòsì. Òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wọ̀ ọ́ fún bàbá wọn.

Chizuru fẹ́ sọ pé àṣìṣe ni, pé òun á tún un yà. Morio ò gbọ́ tiẹ̀.

"Ọmọ yìí ló ti kú. Ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀lé e yẹn, kì í ṣe iwin."

"Kí wá ni?"

"Bàbá ẹ̀ ni. Ó ń wá a."

Morio dìde, ó fọwọ́, ó béèrè bóyá omi ìwẹ̀ ti gbóná. Kò mẹ́nu ba Osaka.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, òun nìkan ló gbọ̀nà ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró. Chizuru ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó dé ibi tí títì ti yà, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró díẹ̀, ó tẹríba, kó tó máa lọ. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn ẹ̀.

Àwòrán yẹn, Chizuru ò tún un yà.