Ẹṣin Tí Ẹni Tó Ń Tà Á Kò Yìn

Bí mo bá rántí dáadáa, orí fóònù mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i, nínú ẹgbẹ́ Wasaapu àwa tí a jọ ń kọ́ bí a ṣe ń gun ẹṣin. Mo ní "bí mo bá rántí dáadáa" nítorí pé ẹni tó ń kọ́ wa tẹnu mọ́ ọn pé òun fúnra òun lòun fi àwòrán náà hàn mí ní pápá, kí n tó délé rárá. Ó ṣeé ṣe. Ohun tí ó dá mi lójú ni bí ẹṣin náà ṣe rí nínú àwòrán: abo ẹṣin, pupa rúsúrúsú, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń yà á, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìpolówó náà. Bí ó ṣe dúró sí mi lọ́kàn ní èdè wa nìyí: "Ẹṣin títà. Abo ni, kò tíì dàgbà jù, ara rẹ̀ le. Kò fẹ́ràn kí a fún okùn gàárì mọ́ ọn níkùn. Ó ń bẹ̀rù ọ̀kadà. Bí ó bá dúró, ó dúró nìyẹn. Kò wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kó má wulẹ̀ pè mí."

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni mí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ń wá lórí ẹṣin. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù mí. Kò le púpọ̀. Ìkìlọ̀ ni dókítà pè é. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi padà bọ̀ sípò, ọwọ́ mi náà padà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún kò padà tán. Títí dòní, bí mo bá ní kí ó gbéra, yóò kọ́kọ́ rò ó wò. Màámi, tí wọ́n ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Bódìjà, ni wọ́n tọ́jú mi. Àwọn náà ni wọ́n sì fi àìsàn ọ̀hún pamọ́. Wọ́n sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé mo lọ ṣe kọ́ọ̀sì ní Àbújá. Nígbà tí mo jáde síta tí gbogbo ènìyàn rí i pé mò ń tiro, wọ́n ní bàtà tuntun ló há mi lẹ́sẹ̀. Bàtà náà há mi lẹ́sẹ̀ fún bí ọdún kan ààbọ̀. N kò bínú sí wọn. Lójú tiwọn, àìsàn ọmọ kì í ṣe ọjà tí à ń tẹ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà kí gbogbo ẹni tó ń kọjá máa fọwọ́ kàn án.

Obìnrin tó ń bá mi na iṣan ẹsẹ̀ náà ní ilé ìwòsàn ló dá a lábàá pé kí n gbìyànjú ẹṣin. Mo rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n mo lọ sí pápá kan lẹ́yìn Onírèké, wọ́n sì gbé mi gun akọ ẹṣin arúgbó kan tó tutù bí àga. Lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo ní, kò sì sí ọ̀kan tó ń tiro nínú wọn. Ọdún kan gbáko ni mo fi gùn ún, ẹsẹ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Nígbà tó yá, orúnkún arúgbó náà kò gbé e mọ́, olówó rẹ̀ sì ní kí ó lọ sinmi. Àwọn ẹṣin yòókù ní pápá ní àwọn tó ni wọ́n, wọn kì í sì í yá ènìyàn. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Bí n kò bá rí ẹṣin, ẹsẹ̀ náà yóò padà sí ibi tó ti wá. Bí mo bá sì ra èyí tí yóò gbé mi ṣubú, Màámi, ẹni ọgọ́rin ọdún, ni yóò tún máa wẹ̀ fún mi.

Mo ka ìpolówó náà sí Màámi létí nígbà tí wọ́n ń mu tíì.

"Ta ló kọ ìyẹn?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹni tó ń tà á ni, Màámi."

"Irọ́ ni. Ọ̀tá rẹ̀ ló kọ ọ́." Wọ́n gbé ife sílẹ̀. "Ta ni í jókòó ti ọjà ara rẹ̀ kó máa bú u? Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ àléébù mẹ́ta, mẹ́fà ló fi pamọ́. Ọjọ́ wo lò ń lọ? N óò bá ọ lọ."

Ọjọ́ Sátidé la lọ. Oko náà wà lẹ́yìn Òjòó, lójú ọ̀nà Mọ́níyà. Ọkùnrin tó ń ta ẹṣin kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, bí mo ṣe fojú wò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Màámi, ó gbé àga fún wọn sábẹ́ igi kaṣú, lẹ́yìn náà ló lọ mú ẹṣin jáde. Ní ojúkojú, ó tóbi ju ti inú àwòrán lọ. Ó wò wá lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún wò wá mọ́.

Màámi bẹ̀rẹ̀ ìnájà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gàn.

"Ó tinrin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Kì í jẹun dáadáa lákòókò òjò."

"Ojú rẹ̀ le."

"Ìwà rẹ̀ le ju ojú rẹ̀ lọ, Mà."

Màámi wò mí. Mo rí i pé ilẹ̀ ti ń yọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn ńkọ́? Ṣé kò wọ́?"

"Kò wọ́, Mà. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi tàpá."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ tà á ni, àbí o ò fẹ́ tà á?"

"N kò fẹ́ tà á, Mà," ni ó dáhùn. Ó sọ fún wa pé òun àti aya òun àti àwọn ọmọ ń kó lọ sí Kánádà kí ọdún tó parí. "Ìyàwó mi ní kò sí àyè rẹ̀ nínú bàgì."

Mo bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Màámi kò rẹ́rìn-ín. Ara wọn ti gbóná. "Kí ló wá burú nínú rẹ̀ tó báyìí, tí o fi ń bà á lórúkọ jẹ́ láti àárọ̀? Wo irun ọrùn rẹ̀. Wo bí ó ṣe dúró. Mo ti rí ẹṣin rí nígbà èwe mi, n kì í ṣe ọmọ ìgboro. Èyí dára!" Wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n sọ tán, wọ́n sì fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mi, tí wọn kì í yin ọjà lójú olówó rẹ̀, ti ń polówó ẹṣin fún ẹni tó ń tà á.

Ọkùnrin náà wá yíjú sí mi. "Àǹtí, mo ti sọ ti ẹṣin mi. Ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín."

"Tiwa báwo?" ni Màámi bèèrè.

"Ti ẹni tí yóò gùn ún, Mà. Mo ti dá àwọn kan padà. Bí n kò bá mọ àléébù ẹni, n kò lè mọ̀ bóyá òun àti ẹṣin náà lè jọ gbé."

"Ọmọ mi kò ní àléébù kankan," ni Màámi fèsì wàrà, gẹ́lẹ́ bí ìyá ìyàwó tí ará ilé ọkọ ń wádìí lẹ́nu rẹ̀. "Ó kàwé. Ó níwà. Kì í bá ènìyàn jà."

Mo rò pé ó yẹ kí n ran ara mi lọ́wọ́. Mo ní láti kékeré ni mo ti ń gun ẹṣin. N kò purọ́. Mo gbà á gbọ́. Mo ń rántí ẹṣin funfun ọ̀rẹ́ Bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, ní ọjọ́ Iléyá kan, tí mo wà lórí rẹ̀, tí ó ń sáré láti ìdí mọ́ṣáláṣí dé ẹnu ọ̀nà wa, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ mi lójú.

"Ẹṣin wo?" ni Màámi wí. "Wọ́n so ẹṣin yẹn mọ́ igi. Bàbá ẹ dì ọ́ mú lápá kan, èmi dì ọ́ mú lápá kejì, ò ń ké, o ní ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ọkùnrin náà húkọ́, ó sì wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ibi tí mo ti rí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ mi lójú. Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn ni mo rí tó ń sáré, tí mo sì gba eré rẹ̀ mọ́ ara mi. Ó sì lè jẹ́ Màámi ló gbàgbé. Ṣùgbọ́n ní abẹ́ igi kaṣú yẹn, mo mọ̀ pé n kò lè fi ìrántí tí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó kù kò jẹ́rìí sí ra ẹṣin tó ń tàpá.

Màámi ṣí báàgì wọn, wọn kò mú nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n sì pa á dé.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kì í gbọ́ràn," ni wọ́n wí. "Rọpárọsẹ̀ ló ṣe é."

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí níwájú ẹni tí kì í ṣe dókítà. Wọn kò sì dúró síbẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń wọ́ ẹsẹ̀ náà nílẹ̀. Wọ́n ní bí ẹ̀rù bá bà mí, ó máa ń le gbagidi. Wọ́n ní mo ṣubú ní balùwẹ̀ lákòókò ọyẹ́, mo sì sọ fún wọn pé mo kàn jókòó ni. Mo ti rò pé wọn kò mọ̀. "Ó lágídí. Bí nǹkan bá ń dùn ún, ẹ̀rín ni yóò máa rín. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kò ní sọ. Bí o bá rí i tó ń rẹ́rìn-ín lórí ẹṣin yẹn, tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ọkùnrin náà kò kẹ́dùn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Ìbéèrè ló bi mí: "Ṣé ẹ lè fi ẹsẹ̀ náà fún ẹṣin níkùn dáadáa, kí ó lè máa lọ?"

"Kò ní agbára ẹ̀."

Ó ronú. Ó ní àwọn alágbára ló ti ń gùn ún bọ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì fún un níkùn, ẹṣin náà a sì fàáké kọ́rí. "N kò sọ pé yóò gbà yín o. Ṣùgbọ́n irú yín kò tíì gùn ún rí."

Ó ràn mí lọ́wọ́ láti gùn ún láti orí ògiri kúkúrú kan. Ẹṣin náà rìn dé ìdajì ọgbà, ó sì dúró, gẹ́gẹ́ bí ìpolówó ti wí. N kò ní ẹsẹ̀ tí n óò fi tì í. Mo jókòó. Mo gbọ́ àyà tó ń lù kìkì, n kò sì mọ̀ bóyá tèmi ni tàbí tirẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, mo máa ní a dúró títí ìwàásù fi lè parí. Màámi ní kò ju kí ènìyàn sín lẹ́ẹ̀kan lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹṣin mí kanlẹ̀, ó sì ń lọ. Nígbà tí a ń bọ̀, ọ̀kadà kan kọjá lẹ́bàá odi, ẹṣin sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbá irun ọrùn rẹ̀ mú kí n má baà bá ara mi nílẹ̀. Mo dúró sórí rẹ̀. N kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn ṣì kéré," ni ọkùnrin náà wí bó ṣe ń sọ̀ mí kalẹ̀. "Ẹ lọ rò ó wò. Bí ẹ bá rà á, ẹ má gùn ún lọ sójú títì, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ yín máa fà á fún yín ní oṣù àkọ́kọ́."

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá takisí wa dúró ní Òjòó, àwọn awakọ̀ ń pe èrò Ọ̀yọ́ létí wa. Mo ní, "Ẹ ṣé o, Màámi."

"Fún kí ni?"

"Fún ohun tí ẹ sọ fún un."

"Ṣé kí n jẹ́ kó pa ọ́ nítorí ojú tì mí ni?" Wọ́n wo ìta lójú fèrèsé. "Ará ṣọ́ọ̀ṣì lè gbà pé bàtà ló há ọ. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún ẹṣin?"

Mo bi wọ́n pé ṣé kí n rà á. Wọ́n ní àwọn kọ́ ni yóò gùn ún, pé ohun tí àwọn mọ̀ ni àwọn ti sọ. Mo rò ó níbẹ̀, láàrin ariwo yẹn. N kò ní ìgboyà ọmọdé kankan tí mo lè gbára lé mọ́. Ohun tí mo ní ni ẹṣin tí wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, àti ara tí wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó ni ẹṣin. Ọpẹ́ ńlá ló kún inú mi, ó pọ̀ ju ohun tí mo lè fi ẹnu sọ fún ìyá tó jókòó tì mí. Kò sí ohun tí mo rà láyé mi rí tí mo mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kí n tó rà á.

Mo pe ọkùnrin náà. Mo ní kí ó má tà á fún ẹlòmíràn. Ó gbà, lẹ́yìn náà ló ní, "Ó tún máa ń gé ènìyàn jẹ, Àǹtí. Mo gbàgbé láti fi kún un."

Màámi fà sún mọ́ fóònù. "Bi í pé kí ni ènì wa."

Mo bi í. Ó ní gàárì rẹ̀ ni, awọ gidi, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lé e.

"Ẹ̀hẹ́n," ni Màámi wí, wọ́n sì fẹ̀yìn ti àga mọ́tò, wọ́n di ojú wọn, wọ́n sùn títí a fi dé Bódìjà.