Fọ́tò Sìmẹ́ǹtì Ẹ̀yìnkùlé

Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní yunifásítì pé bí orílẹ̀-èdè kékeré kan ni Ìsàlẹ̀ Èkó rí, àti pé ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí àwọn ará ibẹ̀ ka ara wọn sí, kó wo ohun tí wọ́n ń yà ní fọ́tò. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Nínú ilé ẹbí kan nítòsí Ìta Fájì, mo yá àwọn àgbà ilé ní kámẹ́rà. Mo ní kí oníkálukú ya ohun kan tó fi í hàn ní ọmọ Èkó. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, a so àwọn fọ́tò náà kọ́ okùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olórí ẹbí ya akẹtẹ̀ Ẹ̀yọ̀ bàbá wọn. Àbíkẹ́yìn ilé ya ògiri iwájú, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ilé náà kì í ṣe títà.

Ó wá ku fọ́tò Màmá, opó arákùnrin olórí ẹbí. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti fẹ́ Màmá wá. Irun wọn ti funfun, síbẹ̀ ìyàwó ni wọ́n ṣì ń pè wọ́n. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú ni àbíkẹ́yìn yìí ti ń wá bó ṣe máa gba yàrá wọn. Àlejò kì í jogún ilé, ló ń wí kiri. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹbí fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó so okùn mi.

Sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé lásán ni Màmá yà, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ àbíkẹ́yìn lórí rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Ìyàwó wa gan-an mọ̀ pé òun kì í ṣe ọmọ Èkó. Kò rí nǹkan kan yà."

Inú bí mi. Mo nawọ́ láti yọ fọ́tò náà kó tó dìjà, ṣùgbọ́n olórí ẹbí di ọwọ́ mi mú. Wọ́n sún mọ́ àwòrán náà, ojú wọn yí padà. Olórí ẹbí àti ọkọ Màmá ni wọ́n jọ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, nígbà tí àkọ́bí Màmá kú kó tó gba orúkọ. Àbíkẹ́yìn ṣì kéré nígbà náà.

Màmá ò gbé ohùn sókè. Àbíkẹ́yìn ni wọ́n kọjú sí.

"Ọkọ mi, mo ti ṣetán àtilọ. Ẹ kọ́kọ́ bá mi hú ọmọ mi jáde, kí n gbé e dání."

Olórí ẹbí ní kí àbúrò wọn lọ gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kúrò lórí ọmọ náà.