Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Tí Wòlíì Bọ́ọ̀lù Sọ Títí Tó Fi Parí

Ọ̀sán ọjọ́ tí ikọ̀ orílẹ̀-èdè wa fẹ́ kojú ikọ̀ àwọn ará òdìkejì odò fún ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ni Wòlíì Bọ́ọ̀lù wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀, ó sì ní kí gbogbo oníbàárà jókòó, òun fẹ́ sọ bí bọ́ọ̀lù náà yóò ṣe lọ.

Iṣẹ́ aago títúnṣe ni Wòlíì ń ṣe. Aago oníbàárà mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó da bọ́tìnnì télọ̀ sórí tábìlì, ó tò wọ́n bí agbábọ́ọ̀lù, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Nígbà tó yá, ariwo ta ní gbogbo àdúgbò. Ẹnì kan fẹ́ dìde.

"Jókòó," ni Wòlíì wí. "Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ gólì wọn."

Ìgbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ gólì, àwọn èèyàn ti ń darí sílé.

"Bàbá, bọ́ọ̀lù ti parí o," ni oníbàárà kan wí.

Wòlíì wo aago mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n ti kánjú jù."

Àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ṣẹ rárá. Ó ti sọ pé a ó fi góòlù méjì nà wọ́n. Àwọn ni wọ́n fi mẹ́ta nà wá. Télọ̀ bi í léèrè lọ́jọ́ kejì.

"Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni mo sọ," ló dáhùn. "Èyí tó ṣẹlẹ̀, ẹ lọ bi àwọn agbábọ́ọ̀lù."

Lọ́jọ́ tí tíṣà kan wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bọ́tìnnì kan ló kù kí télọ̀ rán mọ́ ọn, ó sì ti wà nínú ikọ̀ Wòlíì lórí tábìlì. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ló ń ṣọ́," ni Wòlíì wí. " Tí mo bá yọ ọ́, wọ́n á wọlé sí wa lára." Àyà ṣíṣí ni tíṣà gbé relé.

Oṣù tó kọjá ni Wòlíì kú, lójú oorun. Ní báyìí, ikọ̀ méjèèjì yẹn kan náà tún fẹ́ pàdé lọ́la. Kò sẹ́ni tó wá sọ nǹkan kan. Oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń gba aṣọ, wọ́n ń lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni télọ̀ fi ń ráhùn pé ẹnu Wòlíì kì í jẹ́ kí òun ríṣẹ́ ṣe. Lónìí, ó rán ṣòkòtò méjì tán kó tó di ọ̀sán, kò sì mọ ohun tí yóò fi ìyókù ọjọ́ náà ṣe.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó gba ilé Wòlíì lọ. Ọmọbìnrin olóògbé, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló bá níbẹ̀, ó ń ká aṣọ bàbá rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Mo ní kí n yọjú sí ẹ. Ilé á ti dákẹ́ jù, láìsí ariwo bàbá ẹ."

Ọmọ náà gbójú sókè. "Ariwo kẹ̀? Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ nílé. Látìgbà tí ìyá mi ti kú, 'o káàbọ̀' àti 'ó dàárọ̀' ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Wọ́n á kàn jókòó síbẹ̀ yẹn, wọ́n á máa wo ògiri. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nínú wọn ni."

Télọ̀ wo àga tó ṣófo níbẹ̀. Ṣé ọ̀dọ̀ òun nìkan wá ni ọkùnrin yìí ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá láti ọjọ́ yìí?

"Kí ni wọ́n máa ń sọ fún yín?" ni ọmọ náà béèrè wẹ́rẹ́.

Télọ̀ jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí òun àti Wòlíì kọ́kọ́ pàdé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí tó fi bo ojú mọ́ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbójú kúrò, omijé ti wà lójú rẹ̀.

"Ẹ má tíì lọ, sà."

"Mi ò níbi tí mò ń lọ," ni télọ̀ wí, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.