Ìbéèrè Kẹrìnlá

Ọjọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ìwádìí wa fi kálàmù pupa fa ìlà sórí ìbéèrè kẹrìnlá, iwájú rẹ̀ ni mo jókòó sí, n kò sì lanu. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi tèmi ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó máa ka tẹlòmíràn.

Onímọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ni mí. Ní Kábbà, à ń wá àwọn ọmọbìnrin tí oúnjẹ ti di ọ̀tá wọn: àwọn tó ń febi pa ara wọn kí wọ́n má baà sanra, àtàwọn tó ń jẹun tán tí wọ́n á ti ìka bọ ọ̀fun kí wọ́n lè bì í. Òkè òkun ni ìwé ìbéèrè wa ti wá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá pé ogún, a ó fún un níwèé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìbéèrè kẹrìnlá ló bèèrè nípa èébì.

"Ta ni yóò jẹ iyán ní Kábbà tí yóò tún lọ bì í?" Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Àìsàn àwọn tó yó ni. Yọ ọ́."

Ó wá dá ìkẹsàn-án sí, èyí tí máàkì rẹ̀ tóbi jù: ṣé o máa ń ṣẹ́ oúnjẹ kù nígbà tí ebi ṣì ń pa ọ́? Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó ní àbúrò kì í jẹ àwo gbẹ. Àṣẹ́kù rẹ̀ làwọn kékeré ń retí. Ẹ̀kọ́ ilé ni, kì í ṣe àìsàn. Ó ní gbogbo ayé ló ń lo ìwé náà, àfi bí Kábbà kò bá sí láyé.

Nílé ẹ̀kọ́ girama tí a lọ, àwọn ọmọ tó gbẹ̀kọ́ di aláìsàn lórí ìwé. Ọ̀kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún dáadáa bi mí pé, "Àǹtí, ṣé kí n máa jẹ ti àbúrò mi mọ́ tèmi kí ara mi lè yá?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ṣadé kò rẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́yìn ni, òun ni wọ́n ń ní kó jẹ àwo mọ́ nílé wọn. Nítorí náà ó dáhùn pé òun kì í ṣẹ́ kù, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rin péré. Nígbà tí àwọn yòókù jáde, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo rí ojú egbò lẹ́yìn ìka rẹ̀, níbi tí eyín ti ń ha á bó bá ti ìka bọ ọ̀fun.

"Àǹtí, ẹ ò ní bi wá nípa èébì ni?"

Mo pe Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Ó ní máàkì mẹ́rin kò gba ìwé dókítà, pé bí mo bá fún ọmọ náà níwèé, mo ti ba ìwádìí jẹ́ nìyẹn. Mo ṣe bó ti wí. Mo sọ fún Ṣadé pé màá padà wá. N kò padà.

Lóṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣubú nídìí odó, ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà títí ìdánwò àṣejáde fi parí. Mo lọ síbẹ̀, mo kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, mo kí i bí wọ́n ti ń kíra ní Kábbà.

"Okun o, mà."

"Okun. Ó ní òun sọ fún ọ."

"Ó sọ, mà."

"Kí lo wá fi gbogbo ìwé tó o kà ṣe?"



Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ sí àwọn tó fẹ́ tẹ ìwádìí náà pé ìwé ìbéèrè wa kò pé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀, Ṣadé wà lára àwọn tí ara wọn dá, orúkọ tèmi sì wà nísàlẹ̀ lára àwọn tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọn ò yọ ọ́. Ìbéèrè nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n yọ.

Lónìí, èmi àti Ṣadé ti jọ kọ ìwé ìbéèrè tiwa, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí èébì. Ìlà tó kẹ́yìn rẹ̀ ni: kí ni a kò bi ọ́? Láìpẹ́ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ẹ̀dà kan. Mo bi Ṣadé, ẹni tí mo ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún, bóyá kí n fún un.

"Ẹ fi ránṣẹ́, Àǹtí," ló wí. "Ẹ fi kálàmù pupa kan kún un."