Eku Kan Tí Kò Yọ Kókó

Àánú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pọ̀ jù. Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Eku funfun ló ń tọ́jú nílé ìwádìí, ó ti pé ọdún mọ́kànlá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, Ìyá Eku ni gbogbo ibẹ̀ ń pè é. Tó bá dé láàárọ̀, á máa kí wọn láti àgò kan dé èkejì: "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Èmi àbúrò rẹ̀, kò kí mi bẹ́ẹ̀ rí.

Yàrá méjì ni àwọn eku ń gbé. Ara àwọn ti yàrá kìíní ní ọmọ ogun tó ń lé àjèjì jáde. Àwọn ti yàrá kejì ò ní ọmọ ogun kankan látinú ìyá wọn wá, àìsàn kékeré lè pa wọ́n. Dókítà tó ń ṣe ìwádìí níbẹ̀ fẹ́ gbin ẹran ara ọlẹ̀ eku, ìyẹn ọmọ eku inú oyún, sábẹ́ awọ gbogbo wọn. Ó ní ara àwọn tó ní ọmọ ogun á lé e dànù, á sì di kókó lára àwọn yòókù. Ọ̀gá rẹ̀ ò gbà. Ó ní bí kókó bá yọ ní yàrá kejì, kí ló dé tí kò ní í jẹ́ oúnjẹ tàbí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló fà á?

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gbìn ín, ẹ̀gbọ́n mi rí i pé àwọn eku yàrá kìíní ń bu ọ̀kan nínú wọn jẹ. Ó gbé e, ó fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e lọ sí yàrá kejì, torí pé onísùúrù ni àwọn tibẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kókó kankan ò yọ ní yàrá kìíní, ṣùgbọ́n ó ti yọ lára àwọn eku yàrá kejì, kókó mìíràn tiẹ̀ hu irun, ó yọ eyín. Ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀ ni ara rẹ̀ ń dán, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wá. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó ní òun ti rí eku àràmàǹdà tí kò ní ọmọ ogun, síbẹ̀ tí kò yọ kókó, òun á kéde rẹ̀ fáwọn àgbà onímọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè jẹun. Ó ní, "Tí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Tí mi ò bá jẹ́wọ́, ọmọ ọlọ́mọ á tẹ́."

Mo ní, "Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Eku ò kúkú lè sọ̀rọ̀."

Ó pòṣé sí mi. Lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ níwájú Dókítà, ó sì kà á látòkèdélẹ̀.

Dókítà jókòó sórí àpò oúnjẹ eku. "Ìyá, ṣé oúnjẹ kan náà ni eku yẹn àti àwọn yòókù jẹ?"

"Inú abọ́ kan náà ni, sà."

"Afẹ́fẹ́ ńkọ́?"

"Orí ara wọn ni wọ́n ń sùn, sà."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé ọmọ ogun ara ni, kì í ṣe oúnjẹ tàbí afẹ́fẹ́. Kí ọ̀gá mi wá wò ó." Ó wá fajú ro. "Ṣùgbọ́n ẹ ì bá ti kó àìsàn ran gbogbo wọn. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣe irú ẹ̀ mọ́ láì sọ fún mi."

"Mi ò jẹ́ ṣe é mọ́ láéláé, sà."

"Ẹ máa ṣe é. Ẹyọ kan ò tó ẹ̀rí. Mẹ́wàá lẹ máa kó láti yàrá kìíní lọ sí yàrá kejì báyìí."

Orí ìkúnlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà. Iṣẹ́ tó rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ òun ló tún di ìlọ́po mẹ́wàá.